OSPF yín kò dé FULL? Ẹ ka ohun tí ráútà ń sọ kí ẹ tó pa kọ́nfíìgì rẹ́

Ẹ ti so kébùlù, ẹ ti fún ráútà méjèèjì ní IP, ẹ ping, ó lọ ó bọ̀, ẹ wá tan OSPF (ètò tí àwọn ráútà fi ń sọ ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ara wọn), ẹ tẹ `show ip ospf neighbor` kí ẹ rí aládùúgbò rẹ̀, òfìfo ló gbé jáde. Tàbí kó gbé nǹkan jáde lóòótọ́ àmọ́ kó ti há sí INIT tàbí EXSTART láti àárọ̀, láìdé FULL, ìyẹn ìgbà tí ráútà méjèèjì ti mọ ohun kan náà. Ibi tí mo ti ń rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń kọsẹ̀ nìyẹn, ohun tí wọ́n sì máa ń ṣe ni pé wọ́n á pa gbogbo OSPF rẹ́, wọ́n á tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kò bá tún ṣiṣẹ́ wọ́n á pa ráútà wọ́n á tún un tàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ráútà yẹn ti sọ ibi tó ń dùn ún, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ State yẹn ni. Ẹ kọ́kọ́ kà á, òun ló máa sọ ibi tí ẹ máa wá ẹ̀bi sí.

Cisco IOS ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ torí òun ló pọ̀ lọ́wọ́ àwa tí à ń ṣiṣẹ́ yìí, àmọ́ òfin OSPF kan náà ni gbogbo ráútà ń tẹ̀lé, ẹni tó ń lo MikroTik tàbí Juniper á kàn yí kọ́máǹdì padà ni.

Ohun tí ẹ máa nílò

Àkọ́kọ́, ẹ gbọ́dọ̀ lè wọ ráútà méjèèjì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Tí ọ̀kan bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ pe onítọ̀hún kó jókòó sídìí tirẹ̀ kí ẹ jọ wà lórí fóònù.

Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ pín ojú ìwé sí méjì, R1 lápá kan, R2 lápá kejì, kí ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí fún ìkọ̀ọ̀kan: IP àti mask, area (apá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí OSPF fi íntáféèsì náà sí), Hello àti Dead (iye ìṣẹ́jú-àáyá tó fi ń kí aládùúgbò, àti iye tó máa dúró kó tó kà á sí òkú), network type (irú láìnì tí OSPF kà á sí), MTU (pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù tí íntáféèsì gbà), authentication (pásíwọ́ọ̀dù OSPF), Router ID (orúkọ ráútà nínú OSPF). Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ fo èyí. Ẹ má fò ó, ìdajì ìṣòro yìí ló jẹ́ pé tí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ojú á rí i fúnra rẹ̀.

Ẹ tẹ `show running-config` ní ráútà méjèèjì kí ẹ dà á kọ síbìkan. Tó bá jẹ́ pé láti ọ̀nà jíjìn lẹ ti wọlé, pàápàá tó bá jẹ́ pé orí OSPF yẹn gan-an lẹ gbà wọlé, ẹ fi kọ́nfíìgì tó wà níbẹ̀ pamọ́ pẹ̀lú `write memory`, kí ẹ wá tẹ:

    reload in 30

Tí ẹ bá ṣèèṣì ti ara yín síta, lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ráútà á tún ara rẹ̀ tàn, á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tí iṣẹ́ bá parí, `reload cancel`. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Nínú gbogbo àpẹẹrẹ, R1 ni 10.0.12.1/30, Router ID rẹ̀ 1.1.1.1. R2 ni 10.0.12.2/30, Router ID rẹ̀ 2.2.2.2. Gi0/0 ló so àwọn méjèèjì pọ̀.

1. Ẹ ka State

Ẹ tẹ èyí ní ráútà méjèèjì:

    show ip ospf neighbor

Kò sí nǹkankan rárá: Hello kò wọlé, tàbí ó wọlé ráútà kọ̀ ọ́. Ẹ lọ sí 2 àti 3.
INIT: mò ń gbọ́ tìẹ, ìwọ ò gbọ́ tèmi. Ẹ lọ sí 4.
2WAY: a ti kíra wa, a ò tíì wọlé ara wa. Ó lè má jẹ́ ìṣòro rárá. Ẹ lọ sí 5.
EXSTART tàbí EXCHANGE: ọ̀rọ̀ MTU ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ lọ sí 6.
FULL àmọ́ kò sí route: 7.
Ó ń dé FULL ó tún ń já: 8.

LOADING kì í sábà há, tó bá há níbẹ̀, ẹ ṣe bí ẹni tó wà ní EXCHANGE.

Ìkìlọ̀: ẹ má kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì lọ. Ẹ wò ó, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un wò. Lórí Ethernet ráútà máa ń dúró fún ogójì ìṣẹ́jú-àáyá kó tó yan DR (olórí àwọn ráútà tó wà lórí láìnì yẹn), mo ti rí ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún nǹkan tí kò bàjẹ́ ṣe torí pé kò ní sùúrù fún ogójì ìṣẹ́jú-àáyá yẹn.

Ó ti yé yín tí ẹ bá lè fi ẹnu sọ ọ́ pé "R1 ń rí R2 ní báyìí, R2 ń rí R1 ní báyìí." Tí ẹ ò bá tíì lè sọ méjèèjì, ẹ ò tíì kúrò ní 1.

2. Kò sí nǹkankan: ṣé Hello tiẹ̀ ń jáde?

Ẹ kọ́kọ́ ping ẹnìkejì. Tí ping ò bá lọ, ẹ gbàgbé OSPF ná, kébùlù, VLAN tàbí IP lẹ máa wò.

Tí ping bá lọ, ẹ tẹ:

    show ip ospf interface brief

Ṣé Gi0/0 wà nínú ohun tó gbé jáde? Tí kò bá sí, OSPF kò mọ̀ pé íntáféèsì yẹn wà láyé. Àwọn tó máa ń fà á ni pé wildcard (ìdàkejì mask) tó wà nínú `network` kò dé ibẹ̀. 10.0.12.0/30, wildcard rẹ̀ ni 0.0.0.3:

    router ospf 1
     network 10.0.12.0 0.0.0.3 area 0

Tàbí kí ẹ kàn kọ ọ́ sórí íntáféèsì fúnra rẹ̀, èmi fẹ́ràn èyí jù torí kò sí wildcard tí èèyàn máa ṣì kà:

    interface Gi0/0
     ip ospf 1 area 0

Tó bá wà níbẹ̀, ẹ tẹ `show ip ospf interface Gi0/0`. Tí ẹ bá rí "No Hellos (Passive interface)", ó ti yé wa nìyẹn. Ẹnìkan ti kọ `passive-interface default`, ó sì gbàgbé láti yọ èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò kúrò. Ẹ kọ `no passive-interface Gi0/0` lábẹ́ `router ospf 1`.

Nígbà tí a wà níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá 10.0.12.1 yẹn ni IP gidi íntáféèsì náà, àbí `secondary` ni wọ́n fi ṣe. Orí IP àkọ́kọ́ ni OSPF ti ń kí èèyàn. Tó bá jẹ́ secondary, ping á lọ dáadáa, aládùúgbò ò ní dé láéláé.

Ó kù, ẹ gbọ́ èyí dáadáa torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: pé ping lọ kò sọ pé Hello lọ. Ping ń lọ tààrà sọ́dọ̀ IP ẹnì kan. Hello ń lọ sí 224.0.0.5, ìyẹn multicast, bí ẹni tó wọ agbo tó kí gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn réédíò kan (ẹ̀rọ tó ń gbé láìnì aláìlókùn) àti swíìshì kan wà tí wọ́n ń jẹ́ kí ping kọjá tí wọ́n sì ń gbé multicast sọnù. Ẹ dán an wò láti R1:

    ping 224.0.0.5

Tí R2 bá ń gbọ́, á dáhùn láti 10.0.12.2. Tí kò bá dáhùn, tí ping lásán sì ń lọ, ojú ọ̀nà ni ẹ̀bi wà, kì í ṣe kọ́nfíìgì OSPF. Ẹ bá àwọn tó ni réédíò náà sọ ọ́. Tí wọn ò bá lè tún un ṣe lọ́jọ́ yẹn, ẹ sọ ráútà méjèèjì di `ip ospf network non-broadcast` lórí íntáféèsì, kí ẹ sì dárúkọ ẹnìkejì lábẹ́ `router ospf 1`, bíi `neighbor 10.0.12.2` ní R1. Tààrà ni Hello á máa lọ báyìí. Àmọ́ ẹ rántí pé Hello á di 30, Dead á di 120, torí náà méjèèjì ló gbọ́dọ̀ yí.

Ìkìlọ̀: OSPF kì í ṣe TCP, kì í ṣe UDP. IP protocol 89 ni. Mo ti rí ẹni tó lọ ṣí port 89 ti TCP lórí fáyáwọ́ọ̀lù tó wá ń ṣàròyé pé òun ti ṣí i kò sì ṣiṣẹ́. Nínú ACL (àkójọ ohun tí ráútà gbà láàyè àti èyí tó dí), bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

    permit ospf any any

Èyí tó ń wọlé lẹ máa wò, `in`. ACL tó wà lọ́nà àtijáde, `out`, lórí IOS, kì í dí ohun tí ráútà fúnra rẹ̀ ń fi ránṣẹ́.

Ẹ mọ̀ pé ìpele yìí ti yanjú tí Gi0/0 bá wà nínú `show ip ospf interface brief` ní ráútà méjèèjì, tí kò sí passive, tí ping sí 224.0.0.5 sì ń gba èsì láti apá méjèèjì.

3. Hello ń wọlé, ráútà ń kọ̀ ọ́

OSPF ò kàn ń bá ẹnikẹ́ni tó bá kí i ṣọ̀rẹ́. Nǹkan wọ̀nyí gbọ́dọ̀ bára mu: area, Hello àti Dead, mask (lórí Ethernet lásán, tó bá jẹ́ point-to-point kò ka mask sí), stub (area tí kì í gba ọ̀nà láti ìta OSPF), àti authentication. Process ID kò sí níbẹ̀ o. R1 lè jẹ́ `router ospf 1`, R2 lè jẹ́ `router ospf 77`, kò kan ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi ìwé tí ẹ kọ wé ara wọn ná. Tí ojú yín ò bá rí i, ẹ jẹ́ kí ráútà sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Tí ẹrù bá pọ̀ lórí ráútà yẹn, ẹ má jẹ́ kí debug (ìròyìn ohun tí ráútà ń ṣe lọ́wọ́) dà sórí kọ́nsólù:

    conf t
     no logging console
     logging buffered 64000 debugging
     end
    debug ip ospf hello

Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan, ẹ tẹ `undebug all`, kí ẹ wá ka `show logging`. Ohun tí ẹ máa rí á jọ èyí:

    Mismatched hello parameters from 10.0.12.2
    Dead R 120 C 40, Hello R 30 C 10 Mask R 255.255.255.252 C 255.255.255.252

R ni ohun tí a gbà lọ́wọ́ ẹnìkejì, C ni ohun tí àwa fúnra wa kọ. Ibí yìí, mask dọ́gba, àmọ́ R2 ń kí wa ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, àwa ń retí rẹ̀ ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ rí i pé kì í ṣe pé ẹnìkan jókòó tó kọ 30 síbẹ̀, ẹnìkan yí network type R2 sí non-broadcast ni, aago sì bá a yí. Torí náà network type lẹ máa tún ṣe, ẹ má lọ máa fi ọwọ́ kọ aago lé e.

Tó bá jẹ́ stub ni, debug á dárúkọ "mismatched Stub/Transit area option bit". Gbogbo ráútà tó wà nínú area yẹn ló gbọ́dọ̀ ní `area 10 stub`, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìkan. Tó bá jẹ́ area ni kò dọ́gba, ẹ ò tiẹ̀ nílò debug, ọ̀rọ̀ "mismatched area ID" á ti wà nínú log.

Authentication ló ń gba àkókò jù, `debug ip ospf adj` lẹ máa fi wò ó. Tó bá ní type ò bára mu, bíi pé ó gba type 0 àwa sì ń lo type 2, ẹnìkan kọ kọ́kọ́rọ́ ó sì gbàgbé ìlà tó ń tan authentication fúnra rẹ̀. Ìlà méjì ni:

    interface Gi0/0
     ip ospf authentication message-digest
     ip ospf message-digest-key 1 md5 PASIWODU

Nọ́ńbà 1 yẹn gbọ́dọ̀ dọ́gba ní apá méjèèjì, pásíwọ́ọ̀dù náà gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Ìkìlọ̀ méjì lórí èyí. Tí `service password-encryption` bá wà lórí ráútà, ẹ má fi ojú wé ohun tí ẹ rí nínú show run R1 pẹ̀lú ti R2, pásíwọ́ọ̀dù kan náà lè gbé ìwé tó yàtọ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ìkejì, tí ẹ bá dà pásíwọ́ọ̀dù kọ láti inú WhatsApp tàbí email, àlàfo kékeré kan lè tẹ̀lé e lẹ́yìn, ráútà á ka àlàfo yẹn mọ́ pásíwọ́ọ̀dù, ojú yín ò sì lè rí i. Ẹ fi ọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́ ní méjèèjì.

Ẹ tún wo Router ID. Ẹni tó da kọ́nfíìgì R1 sórí R2 tó wá yí IP nìkan, 1.1.1.1 ni méjèèjì á máa jẹ́. Log á pariwo DUP_RTRID_NBR. Ẹ fún R2 ní tirẹ̀:

    router ospf 1
     router-id 2.2.2.2

kí ẹ wá tẹ `clear ip ospf process` lórí R2 nìkan, torí láìṣe bẹ́ẹ̀ orúkọ àtijọ́ náà ni á máa jẹ́. Gbogbo aládùúgbò R2 ló máa já tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ o, torí náà tí R2 bá ń gbé iṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹ dúró dìgbà tí àwọn èèyàn bá lọ sílé.

Ìpele yìí ti yanjú tí debug ò bá dárúkọ mismatch mọ́, tí State sì ti jáde lábẹ́ neighbor, ì báà ṣe INIT.

4. INIT

Èyí ló ń tan èèyàn jẹ jù. Nínú Hello kọ̀ọ̀kan, ráútà máa ń ka orúkọ gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ìkíni wọn. Tí R1 bá fi R2 hàn ní INIT, ó túmọ̀ sí pé Hello R2 dé ọ̀dọ̀ R1, àmọ́ 1.1.1.1 kò sí nínú orúkọ tí R2 kà. R2 ò gbọ́ wa. Èèyàn á wá jókòó ti R1 torí pé R1 ló ti rí INIT, á máa tú u, kò sì sí nǹkan tó ṣe R1. Orí R2 ni kí ẹ lọ.

Lórí R2, ẹ tan `debug ip ospf hello`. Ṣé ó rí Hello láti 1.1.1.1? Tí kò bá rí i rárá, ẹ wo ACL tó wà ní `in` lórí R2, kí ẹ wo ojú ọ̀nà láti R1 sí R2: réédíò lè máa gbé multicast lọ sápá kan kó má gbé e bọ̀. Tó bá rí i tó sì ń kọ̀ ọ́, ẹ padà sí 3.

Ó yanjú tí INIT bá kúrò ní R1 láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan R1 rárá.

5. 2WAY

Tí ráútà márùn-ún bá wà lórí swíìshì kan, ọ̀kan á jẹ́ DR, ọ̀kan BDR (igbákejì rẹ̀), mẹ́ta tó kù DROTHER. DROTHER kọ̀ọ̀kan á jẹ́ FULL pẹ̀lú DR àti BDR, á sì dúró ní 2WAY/DROTHER pẹ̀lú àwọn méjì ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ má tún un ṣe.

Ó di ìṣòro tó bá jẹ́ ráútà méjì péré ló wà lórí láìnì yẹn, tí méjèèjì sì ń sọ 2WAY/DROTHER. Ẹnìkan ti kọ `ip ospf priority 0` sórí méjèèjì, kò wá sí ẹni tó fẹ́ jẹ DR. Ẹ lè dá priority ọ̀kan padà sí 1, àmọ́ lórí /30, ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n sọ fún méjèèjì pé `ip ospf network point-to-point`. Kò ní sí ìbò dídì, kò sì ní sí ogójì ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹ máa dúró dè.

Ẹ wò ó: FULL/DR, FULL/BDR, tàbí `FULL/  -` tó bá jẹ́ point-to-point.

6. EXSTART àti EXCHANGE

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ eléyìí. Láìnì kan wà láàárín Ìbàdàn àti Èkó tí a rẹ́ńtì, wọ́n ní ká fi OSPF sórí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo ti ṣe é ní lábù, ó dé FULL lójú ẹsẹ̀. Mo gbé kọ́nfíìgì kan náà lọ síbẹ̀, ó há sí EXCHANGE. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ nìyẹn. Mo pa OSPF rẹ́, mo tún un kọ, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo yí authentication kúrò. Mo pa ráútà Ìbàdàn mo tún un tàn. Títí di aago méjì òru. MTU 1500 ló wà lórí ráútà méjèèjì, mo ti wò ó, ó dọ́gba, torí náà mo ti sọ fún ara mi pé kì í ṣe MTU. Ìgbà tó rẹ̀ mí ni mo tó tẹ:

    ping 10.0.12.2 size 1500 df-bit

df-bit yẹn ní kí ẹnikẹ́ni má gé pákẹ́ẹ̀tì náà. Kò lọ. 1400, ó lọ. Láìnì tí wọ́n fún wa ni kò gba 1500.

Ohun tó mú un ṣiṣẹ́ ní lábù tí kò ṣiṣẹ́ lójú iṣẹ́ rèé. Ní EXSTART, pákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń jù síra wọn kéré, òfìfo ni, ó kàn gbé nọ́ńbà MTU dání. Ní EXCHANGE ni wọ́n tó ń kó àkójọ LSA (ìròyìn nípa láìnì àti ọ̀nà) síra wọn, 20 báìtì fún ìkọ̀ọ̀kan. Nínú pákẹ́ẹ̀tì 1500, tí ẹ bá yọ 20 fún IP, 24 fún OSPF, 8 fún orí DBD (pákẹ́ẹ̀tì tó ń gbé àkójọ yẹn), LSA 72 ló máa wọ̀ ọ́. Lábù mi ní bíi mẹ́wàá, pákẹ́ẹ̀tì náà kò tóbi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gidi yẹn ju 72 lọ, pákẹ́ẹ̀tì náà kún fọ́fọ́, ó dé ibi tí ọ̀nà ti fún, wọ́n gbé e sọnù.

Torí náà ọ̀nà méjì ni MTU lè gbà bà yín jà, ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Èkíní, nọ́ńbà tí a kọ kò dọ́gba. Ọ̀kan á wà ní EXSTART, ẹnìkejì ní EXCHANGE, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ log á sọ "Too many retransmissions" á sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ tẹ `debug ip ospf adj`, á sọ ọ́ ní tààrà pé ẹnìkejì ní "larger interface MTU" tàbí "smaller". Ẹ wo `show ip interface Gi0/0 | include MTU` ní méjèèjì, kí ẹ mú wọn dọ́gba. Tunnel ló sábà ń fa èyí, GRE (irú tunnel kan) máa ń mú 1476 fún ara rẹ̀.

Ìkejì, nọ́ńbà dọ́gba, ọ̀nà ló fún. Tèmi nìyẹn. Debug ò ní dárúkọ MTU fún yín rárá. Ẹ fi ping wá a: 1500 kò lọ, 1400 lọ, ẹ gbìyànjú 1450, ẹ máa pín in sí méjì bẹ́ẹ̀ títí ẹ máa fi rí èyí tó tóbi jù tó ń kọjá. Tí ẹ bá rí M nínú èsì, ráútà kan lójú ọ̀nà ń sọ pé òun ò lè gé e. Tó bá jẹ́ àmì ìdánudúró (.) nìkan, wọ́n ń gbé e sọnù láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ní méjèèjì:

    interface Gi0/0
     ip mtu 1400

Ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ rí rọ́pò 1400. Lórí Cisco, size yẹn ti ka orí IP mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ láti Linux lẹ ti ń ping pẹ̀lú `-s`, ẹ yọ 28 kúrò, ìyẹn ni pé 1472 ni yóò jẹ́ 1500.

Ìkìlọ̀, mo sì bẹ̀ yín: wọ́n á sọ fún yín pé kí ẹ kàn kọ `ip ospf mtu-ignore`. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ fún ráútà kó má wo nọ́ńbà yẹn. Ọ̀nà tó fún ṣì fún. Tó bá jẹ́ irú kejì lẹ ní, kò ní ṣe nǹkankan. Tó bá jẹ́ irú kìíní, á dé FULL lónìí, ẹ̀yin á dúpẹ́, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá tóbi, á já, ẹni tó máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ò ní mọ̀ pé ẹ ti fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀.

Ó yanjú tí ping pẹ̀lú df-bit ní size tó bá MTU yín mu bá ń lọ láti apá méjèèjì, tí log sì sọ "from LOADING to FULL, Loading Done".

7. FULL ni, àmọ́ kò sí route

Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé FULL. Tí R1 bá ń sọ `FULL/  -` tí R2 sì ń sọ `FULL/DR` tàbí `FULL/BDR`, ọ̀kan jẹ́ point-to-point, ẹnìkejì broadcast. Aago wọn dọ́gba, 10 àti 40, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba ara wọn, àmọ́ àwòrán tí R1 ń yà nípa láìnì yẹn kò jọ ti R2, kò sí ẹni tó lè fi ṣírò ọ̀nà. `show ip ospf database router` á sọ "Adv Router is not-reachable". Ẹ mú network type dọ́gba, kí ẹ tẹ `show ip route ospf`, àwọn O gbọ́dọ̀ jáde.

8. Ó ń dé, ó ń já

Ẹ ka ìdí tí log sọ. "Interface down or detached": kébùlù, iná, tàbí láìnì fúnra rẹ̀. "Dead timer expired": láìnì wà lórí, Hello ni kò dé.

Ẹ wo Dead Time nínú `show ip ospf neighbor`. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ léraléra bí ìṣẹ́jú méjì. Láìnì tó dára, á máa sọ̀kalẹ̀ láti 39 dé nǹkan bíi 30, á tún fò padà sókè. Tí ẹ bá rí 24, Hello kan ti sọnù. Tí ẹ bá rí 12, méjì ti sọnù, ó sì kù díẹ̀ kó já. Ẹ wá mọ̀ pé láìnì ń jò, ẹ kọ nọ́ńbà àti aago tí ẹ rí i sílẹ̀ kí ẹ fi han àwọn tó ni láìnì. Ẹ má fi Dead 120 bò ó mọ́lẹ̀, torí nígbà tí láìnì bá kú ní tòótọ́, ìṣẹ́jú méjì gbáko ni ráútà á fi máa ju ẹrù sínú kànga.

9. Kí ẹ tó dìde

Ní ráútà méjèèjì, bó ṣe tò yìí:

    undebug all
    write memory
    reload cancel
    show reload

Tí ẹ bá gbàgbé `write memory`, ìgbà tí iná bá lọ tí inverter náà sì kú, gbogbo iṣẹ́ alẹ́ yẹn ti bá a lọ. Tí ẹ bá gbàgbé `reload cancel`, ráútà á tún ara rẹ̀ tàn ní ojú gbogbo èèyàn. Tí ẹ bá ti pa `logging console` tẹ́lẹ̀, ẹ dá a padà. `show reload` gbọ́dọ̀ sọ "No reload is scheduled." Tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní méjèèjì, ẹ máa lọ sùn.